Ọkọ̀ Tó Dé Láìsí Ọlọ́kọ̀

Ọkọ̀ ìgbòkun Kápútẹ́nì Akínfẹ́nwá padà dé sí máríńà láàárọ̀ Sátidé, ṣùgbọ́n Kápútẹ́nì fúnra ẹ̀ kò sí nínú ẹ̀.

Akínyẹmí ló fà á wálé. Òun náà ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan ní máríńà yẹn, ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ sí létí omi tó wà lẹ́yìn Festac. Ó ní òun lọ dán ẹ́ńjìnnì òun wò ni òun rí ọkọ̀ funfun Kápútẹ́nì níwájú abúlé Kuje, tó ń yí gbiri lójú omi bí ẹni tó mutí yó. Ó pe Kápútẹ́nì títí, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó sún mọ́ ọn, ó yọjú wo inú ẹ̀. Fóònù Kápútẹ́nì wà níbẹ̀, aago ọwọ́ ẹ̀ wà níbẹ̀, fìláàsìkì tíì ẹ̀ ṣì gbóná. Ẹni tó ni wọ́n nìkan ni kò sí.

Kí oòrùn tó mú dáadáa, ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ọkọ̀ níbẹ̀ ti pé sórí jẹ́tì, pákó tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́. Àwọn kan káwọ́ lérí. Àwọn kan ti gbé ọkọ̀ wọn lọ sí iwájú Kuje láti máa wá òkú. Ẹnìkan tiẹ̀ ti ń sọ pé, "Èèyàn dáadáa ni bàbá yẹn nígbà ayé ẹ̀," ni ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bá gbá a lẹ́nu.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Margaret Ògúnjìnmí ni àgọ́ ọlọ́pàá rán wá. Obìnrin kúkúrú ni, ó wọ ìgò ojú, bó bá sì ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èèyàn, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, àwọn ọ̀daràn mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ẹ̀rù omi ń bà á. Alákijà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, kò sì wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Nígbà tó rí bí pákó jẹ́tì ṣe ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, ó rọra di irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mú.

Kọ́pùrà Ọ̀jẹ̀túndé ti ṣáájú ẹ̀ dé. Ó sáré wá pàdé ẹ̀.

"Mà, ẹjọ́ yìí ti parí."

"Ó ti parí kí n tó dé?"

"Ọmọbìnrin tó jókòó sọ́hùn-ún yẹn ni, mà. Samson, máa bọ̀. Sọ ohun tó o sọ fún mi."

Samson ni ó ń ṣọ́ géètì máríńà. Ó ṣí fìlà ẹ̀ kúrò lórí.

"Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni, mà. Mo gbọ́ tí Kápútẹ́nì ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ wọn. Wọ́n ní, 'Ó yá, Lọlá, jẹ́ ká máa lọ.' Bí ọkọ̀ wọn ṣe lọ nìyẹn."

"Ṣé o rí Lọlá yẹn?"

"Rárá, mà. Ọkọ̀ Ọ̀gá Akínyẹmí dí mi lójú."

"Ṣé o rí obìnrin kankan tó gba ẹnu géètì wọlé?"

"Mi ò rí i, mà. Ṣùgbọ́n mo lọ bọ́jú díẹ̀."

Kọ́pùrà na ọwọ́ sí ọmọbìnrin náà. "Tèmilọlá lorúkọ ẹ̀, mà. Lọlá nìyẹn. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá síbí. Kò ní ọkọ̀, kò bá ẹnikẹ́ni tan níbí, ṣùgbọ́n ó mọ gbogbo àwọn ọlọ́kọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ló ń wá?"

Margaret fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó rìn lọ bá ọmọbìnrin náà níbi tó jókòó sí lórí ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n dà dé. Ó ku òun nìkan síbẹ̀. Àwọn tó máa ń bá a ṣeré ní gbogbo Sátidé ti yẹra fún un, ojú ẹ̀ sì ti pọ́n.

"O mọ ẹni tí mo jẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ káàárọ̀, mà."

"Samson ní òun gbọ́ tí bàbá ń bá obìnrin sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Ṣé ìwọ ni?"

"Rárá, mà. Ilé ni mo wà."

"Kí ni ọmọdébìnrin bíi tìẹ wá ń wá nínú ọkọ̀ bàbá àgbà?"

Tèmilọlá na ọwọ́ sí omi. "Ọmọ Festac ni mí, mà. Láti kékeré ni mo ti ń rí omi yìí láti ojú fèrèsé wa. Mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi afẹ́fẹ́ wa ọkọ̀. Mi ò lówó ọkọ̀, mi ò mọ ẹni tó ní ọkọ̀. Ni mo bá kàn wá síbí lọ́jọ́ kan, mo ń kí wọn láti ọkọ̀ dé ọkọ̀."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Ọ̀gá Akínyẹmí ní ṣé ọkọ ni mò ń wá ni. Àwọn kan ò tiẹ̀ wojú mi. Mo padà wá ní Sátidé kejì. Mo bá wọn gbọ́n omi dà nù nínú ọkọ̀, mo bá wọn fọ ara ọkọ̀. Bí ẹnìkan bá ń gúnlẹ̀, màá sáré lọ bá a gba okùn. Mi ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fúnra wọn pè mí: 'Tèmi, wá gba okùn yìí. Tèmi, jókòó ti ọkọ̀ mi.' Kápútẹ́nì ló kọ́kọ́ ní kí n wọlé, kí àwọn kọ́ mi."

"Tèmi ni wọ́n ń pè ọ́?"

"Gbogbo wọn, mà. Kápútẹ́nì náà."

"Kò sẹ́ni tó ń pè ọ́ ní Lọlá?"

"Kò sí, mà. Nílé pàápàá, kò sí."

Margaret mi orí. "Kí ló wá ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí?"

"Ó yẹ ká jọ jáde ni. Wọ́n pè mí lórí fóònù pé kí n má wá. Mo béèrè ìdí ẹ̀, wọ́n kàn ní àwọn fẹ́ dá lọ. Ohùn wọn ò dà bíi tàtẹ̀yìnwá. Ọkàn mi ò balẹ̀, ni mo bá wá."

"Ṣé ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀, mà?" Kọ́pùrà ti dúró sẹ́yìn wọn. "Ẹni tí wọ́n ní kó má wá ló wá!"

Ibi tó sọ ọ́ dé nìyẹn tí obìnrin kan já wọlé láti ẹnu géètì, ó ń sáré, kóòtù funfun tó fi ń ta oògùn ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Gbémi ni, ọmọ kan ṣoṣo tí Kápútẹ́nì bí. Apple Junction ni ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹ̀ wà, ibẹ̀ ni ìròyìn ti bá a. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ Tèmilọlá ló gbà lọ tààrà.

"Ìwọ! Kí lo fi bàbá mi ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mi ò…"

"Má pè mí ní ẹ̀gbọ́n! Láti ọjọ́ tó o ti dé ni wọn ò ti gbọ́ tèmi mọ́. Mo ní kí wọ́n ta ọkọ̀ yìí kó tó pa wọ́n. Wọ́n ní àwọn ò ní tà á, ìwọ làwọn máa fún!"

Gbogbo ojú yí sí Tèmilọlá. Ó yanu wo Gbémi. Àfi bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé wọ́n kúkú ti fẹ́ràn òun. Kọ́pùrà Ọ̀jẹ̀túndé yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde.

"Ìdí tó fi pa wọ́n nìyẹn, mà. Ó ti yọjú."

"Dá a padà sápò," ni Margaret sọ. Ó kọjú sí Gbémi. "Ẹ pẹ̀lẹ́. Mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan. Kí lorúkọ màmá yín?"

"Màmá mi? Wọ́n ti lọ sọ́run. Kí ló kàn wọ́n nínú eléyìí?"

"Ẹ ṣáà sọ ọ́ fún mi."

"Ẹ̀bùnlọlá."

"Kí ni bàbá máa ń pè wọ́n?"

Ohùn Gbémi rọlẹ̀ lójijì. "Lọlá. Àwọn nìkan ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀."

Margaret tọ́ka sí ara ọkọ̀ funfun náà. Ọ̀dà tó wà níbẹ̀ ti ṣí, ewéko ojú omi ti lẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹjú mọ́ ọn á rí i kà: Ẹ̀BÙNLỌLÁ.

"Ọkọ̀ ni bàbá ń bá sọ̀rọ̀, Kọ́pùrà. Àbí ká kúkú sọ pé ìyàwó ẹ̀ ni. Bàbá nìkan ló wà nínú ọkọ̀."

Gbémi fi ọwọ́ bo ẹnu. Kọ́pùrà wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ ẹ̀, ó rọra dá a padà sápò, ṣùgbọ́n kò tíì fẹ́ gbà. Ó fi àgbọ̀n júwe Akínyẹmí.

"Tí kì í bá ṣe òun, eléyìí ńkọ́? Òun ló fa ọkọ̀ wá. Wọ́n ní òun àti bàbá jà lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"A jà lóòótọ́," ni Akínyẹmí sọ, kò sì yẹ ojú. "Ibi tí mo máa so ọkọ̀ mi mọ́ la jà lé. Wọ́n bú mi, mo sì dá wọn lóhùn. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ dọ̀bálẹ̀, wọ́n fún mi ní tíì mu. Ẹ bi gbogbo àwọn tó wà níbí."

"Nígbà tó o rí ọkọ̀ yìí, kí lo fọwọ́ kàn nínú ẹ̀?" ni Margaret bi í.

"Kò sí, mà. Ẹ̀rù bà mí. Mo kàn so okùn tèmi mọ́ ọn, mo sì fà á."

"Aṣọ ìgbòkun ńkọ́?"

"Bó ṣe wà yẹn náà ni mo ṣe bá a."

Margaret wo aṣọ ìgbòkun náà. Wọ́n ti sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n ká a jọ dáadáa, wọ́n fi okùn dì í bí ẹní. Ó dúró, ó mí kanlẹ̀. Ó mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ wọnú ọkọ̀ yẹn.

Ó na ẹsẹ̀ kan, ó tún fà á padà. Tèmilọlá ló sún mọ́ ọn, tó na ọwọ́ sí i.

"Ẹ di ọwọ́ mi mú, mà. Àárín ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bọ́ bàtà."

"Ọlọ́pàá lò ń sọ fún pé kó bọ́ bàtà?" ni Kọ́pùrà jágbe.

"Òfin Kápútẹ́nì ni, sà. Ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà nínú ọkọ̀ yìí. Àwọn fúnra wọn gan-an, inú àpótí ìdí ọkọ̀ yẹn ni wọ́n máa ń kó tiwọn sí. Wọn kì í gbàgbé ẹ̀ láé."

Margaret bọ́ bàtà, ó wọlé. Ọkọ̀ mì, ó kígbe "Jésù!" ó sì jókòó gbì. Àwọn kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n pa á mọ́ra. Ó rákò lọ sídìí àpótí náà, ó ṣí i.

Òfìfo ni.

Nígbà tó gbé orí sókè, ojú ẹ̀ ti yí padà.

"Irú bàtà wo ni bàbá máa ń wọ̀ wá síbí?"

"Sálúbàtà aláwọ kan tó ti gbó," ni Gbémi dáhùn. "Mo ti ra òmíràn fún wọn, wọn ò wọ̀ ọ́."

"Samson, ṣé sálúbàtà wọn wà níbikíbi lórí jẹ́tì yìí?"

"Kò sí, mà. Èmi ni mo gbá ibẹ̀ láàárọ̀."

"Ó lè jẹ́ pé olè ti jí i," ni Kọ́pùrà sọ.

"Olè wo? Olè tó rí fóònù, tó rí aago, tó fi wọ́n sílẹ̀, tó wá mú sálúbàtà tó ti gbó?" Margaret bọ́ ìgò ojú ẹ̀, ó ń nù ún. "Ẹ gbọ́. Ká ní bàbá já sómi, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n máa já, sálúbàtà á ṣì wà nínú àpótí yìí. Ẹni tó já sómi kì í sì í kọ́kọ́ sọ ìgbòkun kalẹ̀, kó ká a, kó dì í. Bàbá fúnra wọn ló dá ọkọ̀ dúró. Wọ́n mú sálúbàtà, wọ́n sì wọ̀ ọ́. Níbo lèèyàn ti ń nílò sálúbàtà?"

 Gbémi ló sọ ọ́, bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé ọ̀rọ̀ náà lè fọ́ lẹ́nu òun.

"Lórí ilẹ̀."

"Lórí ilẹ̀," ni Margaret tún sọ. "Bàbá sọ̀kalẹ̀ níbì kan. Ọkọ̀ ló fi wọ́n sílẹ̀."

Ariwo sọ láàárín wọn. Akínyẹmí pariwo pé, "Iwájú Kuje ni mo ti rí i! Ẹ jẹ́ ká lọ wá etí omi ibẹ̀!" Ó ti ń tú okùn ọkọ̀ ẹ̀.

"Dúró ná," ni Margaret wí. "Kí ló so mọ́ imú ọkọ̀ yìí, tó ń wọ́ lọ sínú omi?"

Okùn ni. Kò sẹ́ni tó ti fà á sókè láti àárọ̀. Tèmilọlá dùbúlẹ̀ sí imú ọkọ̀, ó ń fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí òpin ẹ̀ jáde, igi ọparun kan ló so mọ́ ọn, ẹrẹ̀ dúdú ṣì bo ìdí ẹ̀, àkísà àwọ̀n ẹja kan sì wé mọ́ ọn lọ́rùn.

"Kókó tí wọ́n ta sí i ò tú," ni Margaret sọ. "Kò sẹ́ni tó tú ọkọ̀ yìí. Bàbá so ó mọ́ igi yìí, igi ló fà tu. Kí ló lè fa igi tu?"

"Omi, mà." Tèmilọlá ti dìde jókòó. "Láàárọ̀ kùtù, omi ti fà gan-an. Wọ́n á ti so okùn náà ní kúkúrú. Nígbà tí omi wá ń kún, ó ń gbé ọkọ̀ sókè, ọkọ̀ sì ń fa igi. Omi ṣì ń kún báyìí. Àwọn tó ń wá wọn níwájú Kuje ti ṣìnà. Tí omi bá ń kún, apá òkun ló ti ń wá, ó sì ń gbé nǹkan bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa níbí. Ibi tí ọkọ̀ ti wá kọjá Kuje, lápá òkun!"

"Ìwọ tó o mọ omi yìí, níbo lápá ibẹ̀ ni èèyàn ti lè rí ọparun tí àwọ̀n wé mọ́?"

Tèmilọlá di ọparun náà mú, ó ń yí i wò. Lójijì, ó dìde dúró.

"Ọgbà ẹja àtijọ́! Erékùṣù kékeré kan wà níbẹ̀, àwọn apẹja ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Kápútẹ́nì fi hàn mí lẹ́ẹ̀kan."

Ọkọ̀ Akínyẹmí ni wọ́n gbé lọ. Kọ́pùrà wà níwájú, Gbémi àti Tèmilọlá jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn ò wo ara wọn. Margaret wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì méjì léra, ó dijú, ó ń ka Sáàmù kẹtàlélógún láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì tún ń bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, ó la ojú. Erékùṣù náà wà níwájú wọn: igbó kékeré, ẹrẹ̀, àti àwọn ọparun tó tò lọ sínú omi bí ehín arúgbó. Ó hàn pé ọ̀kan ti yọ kúrò láàárín wọn.

Gbémi ló kọ́kọ́ rí i. Nínú ẹrẹ̀ etí omi, sálúbàtà aláwọ kan dojú dé. Ẹyọ kan.

"Bàbá mi!" Ó bú sẹ́kún, ó fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Kọ́pùrà dì í mú.  Margaret wo sálúbàtà yẹn, ó ń bi ara ẹ̀ bóyá òun ti ṣìṣe, bóyá ìrètí lásán lòun fà wá síwájú ọmọ olóòkú.

Ni ohùn kan bá jáde láti inú igbó, ó le koko:

"Ẹ má tẹ ẹrẹ̀ yẹn o! Ó ti gba bàtà mi, ó fẹ́ gba ẹsẹ̀ mọ́ ọn!"

Gbémi kò tẹ́tí sí i. Ó bẹ́ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú kóòtù funfun ẹ̀, ó rì dé orúnkún, ó ń fa ẹsẹ̀ tu, ó ń ṣubú, ó ń dìde. Tèmilọlá tẹ̀ lé e. Abẹ́ àtíbàbà àwọn apẹja tó ti fẹ́ wó ni wọ́n ti bá Kápútẹ́nì Akínfẹ́nwá. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wú. Oòrùn ti pa á, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, inú sì ń bí i.

Gbémi rọ̀ mọ́ ọn, ó ń sunkún, ó ń bú u, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn bí ìgbà tó wà lọ́mọdé.

"Ó tó, Gbémi. Mo wà níbí. Ó tó."

Margaret fún un ní omi. Nígbà tí bàbá mu ún tán, ó bi í pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ dá wá?"

Kápútẹ́nì nu ẹnu. Ó wo ọmọ ẹ̀, ó wo Tèmilọlá.

"Ojú mi ti ń fọ́ díẹ̀díẹ̀. Dókítà sọ ọ́ fún mi lóṣù tó kọjá, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ yẹn, mo ti pinnu ẹni tí màá fún. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ wà á lẹ́ẹ̀kan sí i, èmi àti Lọlá nìkan. Ibí yìí la máa ń wá jẹun sí nígbà tó wà láyé. Mo sọ̀kalẹ̀ kí n lè jókòó díẹ̀. Ẹsẹ̀ mi yẹ̀. Kí n tó dìde, mo rí i tí igi ń tu. Mo jókòó síbí, mo ń wò ó bó ṣe ń lọ. Mo pè é, kò dúró." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, omi sì lé sí i lójú. "Ìgbà kejì tí obìnrin yẹn máa fi mí sílẹ̀ nìyẹn."

 Kọ́pùrà Ọ̀jẹ̀túndé yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wo omi. Nígbà tó yá, òun àti Akínyẹmí ló gbé bàbá sáàárín wọn, tí wọ́n gbé e gba inú ẹrẹ̀ lọ sínú ọkọ̀.

"Mà," ni Kọ́pùrà rọra sọ fún Margaret nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, "ẹ má bínú. Mo yára jù."

"Ọmọbìnrin yẹn ni kó o sọ ọ́ fún."

Ó sì sọ ọ́ fún un.

Bí wọ́n ṣe yọ ní máríńà, ariwo ayọ̀ gba gbogbo jẹ́tì kan. Samson ń fò sókè. Àwọn ọlọ́kọ̀ tó yẹra fún Tèmilọlá láàárọ̀ ń du okùn gbà lọ́wọ́ ẹ̀, ọ̀kan ń sọ pé kó wá bá òun jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òmíràn ń sọ pé ọkọ̀ òun náà ní ìgbòkun o, òun kàn ò tíì rí ẹni bá òun ta ìgbòkun ẹ̀ ni. Margaret gun orí ilẹ̀ líle, ó jókòó sórí àga Samson, ó sì bú sẹ́rìn-ín fúnra ẹ̀.

Gbémi ló dá àwọn ọlọ́kọ̀ náà lóhùn. "Ẹ má pè é o. Ó ti ní ọkọ̀ tiẹ̀." Ó wá yíjú sí Tèmilọlá, ẹrẹ̀ bo àwọn méjèèjì dé ìbàdí. "Ohun tí mo sọ láàárọ̀… má bínú sí mi."

"Ó ti tán, Ẹ̀gbọ́n."

"Ojú bàbá ń fọ́ lọ. Wọn ò ní lè dá jáde mọ́. Tó o bá fẹ́ gbé wọn jáde, ta ló máa máa bá ọ di okùn mú?"

"Mi ò tíì mọ̀."

"Mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ o," ni Gbémi sọ, ó ń wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. "Ẹ̀rù omi sì ń bà mí."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Bàbá ló ní kí n lọ kọ́ ọ."

"Ṣé ó máa ń pẹ́ kéèyàn tó mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Kápútẹ́nì pariwo láti inú ọkọ̀ tí gbogbo wọn ti gbàgbé ẹ̀ sí, "ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kọ́kọ́ wá gbé mi sọ̀kalẹ̀ ná!"